Oaks Ni Ẹ̀gbọ́n Derby: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Eré Àwọn Abo Ẹṣin Ní Epsom

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ọjọ́ ìsinmi yín sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹṣin, ẹ kú ìjókòó. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí nǹkan kan tí mo fẹ́ràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń gbé yìí, mo mọ̀ pé àwọn kan á máa retí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù dára. Àmọ́ ẹṣin ni mo gbé wá.

Kò sẹ́ni tí kò mọ orúkọ Derby nínú yàrá yìí. Ẹni tí kò tíì fojú kan ẹṣin rí á ti pariwo dábì nígbà tí Arsenal bá fẹ́ pàdé Tottenham, ọ̀pọ̀ ló sì gbà pé ọ̀dọ̀ eré ẹṣin Epsom ni àwọn oníbọ́ọ̀lù ti yá orúkọ náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò ni pé Derby kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ sá. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ti sá eré mìíràn lórí pápá kan náà, eré tí akọ ẹṣin kankan kò gbọdọ̀ yọjú sí. Oaks lorúkọ rẹ̀. Ká fi ọjọ́ orí wò ó, Oaks lẹ̀gbọ́n, Derby làbúrò, àbúrò ló wá gba gbogbo orúkọ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí tipẹ́, òun ni mo sì fẹ́ sọ.

Surrey ni Epsom wà, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ìyá wa tó ń ra iyọ̀ Epsom nílé oògùn láti fi rẹ ẹsẹ̀ tó ń ro wọ́n ti ń dárúkọ ìlú náà láìfura. Omi kíkorò kan tó ń sun níbẹ̀ ni wọ́n ti rí iyọ̀ ọ̀hún, omi yìí ló sì kọ́kọ́ ń fa àwọn olówó Lọ́ńdọ̀nù lọ síbẹ̀ ní sẹ́ńtúrì 17. Ibi tí olówó bá kóra jọ sí, tẹ́tẹ́ kì í jìnnà síbẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń sá ẹṣin lórí òkè koríko tó wà lẹ́yìn ìlú.

Nítòsí ibẹ̀ ni ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní The Oaks, nítorí àwọn igi óákù tó dúró yí i ká. Ilé ọtí ni tẹ́lẹ̀. Ọ̀gágun John Burgoyne ti gbé inú rẹ̀ rí, Burgoyne kan náà tó kó ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà tó sì juwọ́ sílẹ̀ fún àwọn ará ibẹ̀ ní Saratoga lọ́dún 1777. Ọmọ ilé Stanley ni ìyàwó rẹ̀, ìyẹn ìdílé tí oyè Earl of Derby wà lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ ni ilé náà gbà dé ọwọ́ Edward Smith-Stanley, Earl of Derby kejìlá. Ẹni ọdún 26 ni, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹṣin sì ni ayé rẹ̀. Ilé yìí lòun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti máa ń jẹ, tí wọ́n ti máa ń mu, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fẹnu kò láti dá eré kan sílẹ̀ fún abo ẹṣin ọlọ́dún mẹ́ta nìkan, máìlì kan àtààbọ̀. Orúkọ ilé náà ni wọ́n fún un. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1779, wọ́n sá a fún ìgbà àkọ́kọ́. Abo ẹṣin kan tó ń jẹ́ Bridget ló borí. Ta ló ni Bridget? Derby fúnra rẹ̀ ni.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé níbi àsè tí wọ́n fi bá Bridget yọ̀ ni ọ̀rọ̀ eré kejì ti jáde, èyí tí akọ náà á lè wọ̀. Orúkọ ta ni wọn yóò fi pè é? Ṣé ti Derby tó gbàlejò ni, àbí ti Sir Charles Bunbury, àgbà nínú àwọn elẹ́ṣin ìgbà yẹn? Wọ́n ní owó ẹyọ ni wọ́n jù sókè, ó sì bọ́ sọ́dọ̀ Derby. Bunbury kò lọ lọ́wọ́ òfo o, nítorí ẹṣin rẹ̀, Diomed, ló gba Derby àkọ́kọ́ ní 1780. Ọ̀rọ̀ owó ẹyọ yìí kò jẹ mí lógún tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ mí lógún ni pé Oaks ni wọ́n wò kí wọ́n tó ṣe Derby. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹ tún wò ó: máìlì kan péré ni wọ́n ń sá nínú Derby níbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1784 ni wọ́n tó sọ òun náà di máìlì kan àtààbọ̀. Fún ọdún mẹ́rin gbáko, ọ̀nà tí àwọn obìnrin ń sá gùn ju ti àbúrò wọn lọ.

Kí n má purọ́ fún yín, Oaks kọ́ ló dàgbà jù nínú eré márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Classic. St Leger ti Doncaster ló ṣáájú gbogbo wọn, ní 1776, abo ẹṣin ló sì borí níbẹ̀ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. 2000 Guineas dé ní 1809, nígbà tí 1000 Guineas, tó jẹ́ ti abo nìkan, dé ní 1814. Nínú márùn-ún, méjì wà tí akọ kò gbọdọ̀ wọ̀. Kò sí ọ̀kankan tí abo kò gbọdọ̀ wọ̀.

Kí ló tilẹ̀ fà á tí wọ́n fi ń wá ẹṣin kékeré, abo sì tún ni, láti sáré? Láyé àtijọ́, àgbà ẹṣin ni wọ́n ń sá. Máìlì mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń sá, wọ́n á sinmi díẹ̀, wọ́n á tún un sá, ẹni wúwo á sì wà lórí ẹṣin ní gbogbo ìgbà yẹn. Ẹṣin tó bá lẹ́mìí gígùn ló ń borí. Nígbà tí sẹ́ńtúrì 18 ń lọ sópin ni ojú wọn yí padà sí eré ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kúkúrú, fún ẹṣin tí ara rẹ̀ ṣì yá. Owó tètè ń padà sápò ẹni tó ni ẹṣin báyìí. Ọ̀rọ̀ ìran sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ abo ẹṣin tó yẹ kó di ìyá, á ní láti dán an wò lọ́mọdé, kí ìgbà tó yẹ kó máa bímọ tó kọjá. Oaks ni ibi ìdánwò yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí yóò di abiyamọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé orí pápá náà, nítorí ẹni tó bá ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n kò tíì rí i. Pápá Epsom kò tẹ́jú. Bí ìdí pátákò ló rí, ó sì ń lọ sápá òsì. Láti ibi tí wọ́n ti ń gbéra, òkè ni wọ́n ń gùn, ó ga tó ilé alájà mẹ́wàá kí wọ́n tó dé téńté rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lọ sí kọ́nà kan tí wọ́n ń pè ní Tattenham Corner, ìsọ̀kalẹ̀ tó ń ti ẹṣin lẹ́yìn nígbà tó yẹ kó máa yí. Bí wọ́n bá yọ níbẹ̀, ilẹ̀ tún dà sápá kan, ó ń fa ẹṣin tó bá ti rẹ̀ lọ sí ìdí irin òsì. Ẹṣin tó wúwo tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le kì í lè yí níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dúró ní kọ́nà yẹn, ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n kí ojú mi tó rí ohunkóhun. Lẹ́yìn ìyẹn ni orí wọn yọ, gbogbo wọn pọ̀ wìtìwìtì, tí wọ́n ń mí hìì hìì bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, tí ẹrẹ̀ sì ń ta bá àwọn tó wà lẹ́yìn lójú. Agẹṣin kan ń bá ti rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ sí i létí bí ẹni ń rẹ ọmọ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete bí wọ́n ṣe ń kọjá. Ká tó ṣẹ́jú mẹ́ta wọ́n ti lọ, koríko tí wọ́n hú ṣì ń bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Orí pápá yìí ni abo ẹṣin kan, Eleanor, ti ṣe ohun tí ẹnì kankan kò ṣe rí ní 1801. Bunbury ló ni ín, Bunbury kan náà. Ó bá akọ sá Derby, ó borí wọn, ó sùn, ilẹ̀ mọ́, ó tún sá Oaks, ó tún borí. Ó tó ọdún 56 kí òmíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀: Blink Bonny, ní 1857. Fifinella ló ṣe é gbẹ̀yìn, ní 1916. Ogun ti gba Epsom nígbà yẹn, Newmarket ni wọ́n ti sá eré méjèèjì. Láti ìgbà náà, abo ẹṣin kankan kò tíì gba Derby mọ́.

Mo fo ìkẹta, torí pé òun ni mo fẹ́ràn jù. Signorinetta lorúkọ rẹ̀, ọdún 1908. Ará Ítálì kan tó ń gbé ní Newmarket ló ni ín, Edoardo Ginistrelli. Àwọn ará ìlú náà kò ka bàbá yìí sí rárá. Ó ní abo ẹṣin kan, Signorina, tó ti sáré gan-an nígbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọmọ wá wọ́n fún. Ọdún ń gorí ọdún. Wọ́n á mú un lọ bá akọ olówó ńlá, kò ní sí nǹkan kan. Akọ kan wà ládùúgbò, Chaleureux, tí kò sẹ́ni tó ń sanwó gidi lé lórí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń mú un gba iwájú ọgbà Signorina kọjá. Bí ó bá ti ń bọ̀ lókèèrè, Signorina á gbé orí sókè, á ké. Akọ náà á dúró, á dáhùn. Ginistrelli rí wọn lójoojúmọ́, ó ní àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn, kò sì ní já wọn. Ìlú fi í rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí wọ́n bí ni Signorinetta. Nígbà tó wọ Derby, ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni ẹni tó bá fi pọ́n-ùn kan ta tẹ́tẹ́ lé e lórí yóò jẹ. Ó borí. Lọ́jọ́ kẹta ó gba Oaks. Ọba Edward Keje ránṣẹ́ pe bàbá náà síbi ìjókòó ọba, gbogbo èrò sì pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn onímọ̀ ọ̀rọ̀ ìran lè sọ pé kò sí ìfẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹṣin. Èmi mọ ibi tí mo wà.

Ọdún mẹ́fà ṣáájú rẹ̀ ni Sceptre ti sá. Òun kò gba Derby ní tirẹ̀, ipò kẹrin ló ṣe. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ló gba Oaks. Nígbà tí ọdún 1902 fi parí, ó ti gba mẹ́rin nínú Classic márùn-ún, kò sì sí ẹṣin mìíràn tó tíì dá gba mẹ́rin. Robert Sievier, ọ̀tatẹ́tẹ́ paraku kan, ló rà á ní gínì 10,000, owó tó ya gbogbo ọjà lẹ́nu fún ọmọ ẹṣin tí kò tíì sáré rí.

Mo sọ pé Oaks ni wọ́n fi ń mọ abiyamọ. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, torí pé ọ̀rọ̀ ilé wa wà nínú rẹ̀. Gbogbo ẹṣin Thoroughbred ayé, ìran ẹṣin tí wọ́n fi ń sá irú eré yìí, ló tọ baba wọn dé ọ̀dọ̀ akọ mẹ́ta, Byerley Turk, Darley Arabian àti Godolphin Arabian, orúkọ àwọn mẹ́ta yìí sì ni gbogbo ìwé ń kà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ọmọ ẹṣin. Akọ kan lè bí ọmọ tó lé ní 100 láàárín ọdún kan. Bí wọ́n bá ní kí gbogbo wọn máa pe ara wọn ní tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ta ni kò ní jẹ́ ẹbí ta? Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọn kì í ka ọbàkan sí ẹbí. Ẹṣin méjì tí baba wọn jẹ́ ọ̀kan, tí ìyá wọn yàtọ̀, àjèjì ni wọ́n síra wọn. Iyèkan nìkan ni wọ́n ń pè lọ́mọ ìyá. Ọmọ ilé olórogún kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ará Ọsirélíà kan, Bruce Lowe, tọ àwọn ìyá wọ̀nyí sẹ́yìn dé ibi tí ìwé lè dé, ó wá fún ìdílé ìyá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Kí ló fi ṣe òṣùwọ̀n? Iye ìgbà tí ọmọ wọn gba Derby, St Leger àti Oaks. Ọdún 1895 ni iṣẹ́ rẹ̀ jáde, wọ́n sì ń lo nọ́ńbà náà di òní.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ìyá náà bí. Blink Bonny tó gba Oaks ní 1857 ló bí Blair Athol tó gba Derby ní 1864. Snow Bride, tí wọ́n fi Oaks ọdún 1989 fún lẹ́yìn tí àyẹ̀wò gbà á lọ́wọ́ Aliysa tó kọ́kọ́ dé, ló bí Lammtarra tó gba Derby ní 1995. Èyí tó dùn jù, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ohun kan wà tó ń dun mi nínú ìtàn yìí, mi ò sì ní fò ó. Ó tó 200 ọdún tí abo ẹṣin fi ń gbé oúnjẹ wálé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí obìnrin kò lè fọwọ́ síwèé pé òun lòun ń tọ́ ẹṣin. Jockey Club, ẹgbẹ́ tó ń darí eré ẹṣin nígbà náà, kì í fún obìnrin níwèé àṣẹ. Obìnrin tó bá ń ṣe iṣẹ́ náà á fi orúkọ ọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ sínú ìwé. Òun á jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, òun á wo ẹsẹ̀ ẹṣin, òun á pinnu oúnjẹ àti eré, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹṣin bá borí, orúkọ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n á pè. Ìyá àgbà kan, Florence Nagle, ló ní òun ò gbà mọ́. Ó gbé Jockey Club lọ sílé ẹjọ́. Ní 1966, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ó lẹ́jọ́ tó yẹ ká gbọ́, Jockey Club sì gbà láìdúró. Ẹni tó lé ní 70 ọdún ni ìyá náà nígbà yẹn. Ọdún 1972 ni wọ́n tó gba àwọn obìnrin láyè láti gun ẹṣin nínú irú eré yìí lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022, Hollie Doyle gun Nashwa gba Prix de Diane, Oaks ti ilẹ̀ Faransé, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gun ẹṣin gba irú eré ńlá bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, àwọn méjèèjì ti ṣe ipò kẹta nínú Oaks ní Epsom. Mo wà lórí òkè lọ́jọ́ náà, ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ.

Faransé tí mo dárúkọ yẹn, láti 1843 ni wọ́n ti ń sá tiwọn ní Chantilly. Japan bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1938. Ti Amẹ́ríkà ló kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọdún 1875 ni wọ́n dá Kentucky Oaks sílẹ̀ ní Louisville, ọ̀sẹ̀ kan náà pẹ̀lú Kentucky Derby. Nínú agẹṣin 15 tó sá Derby àkọ́kọ́ yẹn, aláwọ̀ dúdú ni 13. Ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò nílẹ̀ adúláwọ̀ ni wọ́n, àwọn ló mọwọ́ ẹṣin jù lọ ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Irú wọn ni Isaac Murphy, tí wọ́n bí ní 1861 nígbà tí oko ẹrú ṣì wà. Ní 1884 ó gun Buchanan gba Derby, ó sì gun Modesty gba Oaks lọ́dún kan náà. Nígbà tó yá, wọ́n fọgbọ́n lé àwọn adúláwọ̀ kúrò lórí gàárì títí orúkọ wọn fi parẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ fi ti Murphy sọ́kàn, ẹ sọ ọ́ fáwọn ọmọ yín.

Nílé wa ńkọ́? Èkó ti ní pápá eré ẹṣin tirẹ̀ rí, Gẹ̀ẹ́sì ló gbé eré náà wá. Ibẹ̀ là ń pè ní Race Course nígbà náà. Lórí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n ti fa àsíá Nàìjíríà sókè ní 1960, òun ló sì di Tafawa Balewa Square lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti kọjá níbẹ̀ á rántí àwọn ère ẹṣin funfun tó ń na ẹsẹ̀ sókè lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó kù níbẹ̀ nìyẹn.

Láìpẹ́ yìí, Oaks tún ti mú àwọn ńláńlá jáde. Ní 2017, ààrá ń sán nígbà tí Enable borí ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 34.13, ẹnikẹ́ni kò tíì yára tó bẹ́ẹ̀ nínú eré náà rí. Ní 2021, Snowfall fi ẹṣin 16 ju ẹni tó tẹ̀lé e. Gígùn ara ẹṣin kan, láti imú dé ìdí, ni wọ́n fi ń wọn àlàfo, nítorí náà ẹ to ẹṣin 16 sórí ìlà kan lójú inú yín. Frankie Dettori ló wà lórí àwọn méjèèjì.

Èyí tó dùn jù tí mo ṣèlérí rèé. Ní 2004, abo ẹṣin kan tó ń jẹ́ Ouija Board fi ẹṣin méje borí nínú Oaks. Ẹ wo ìwé pé ta ló ni ín. Edward Stanley ni, Earl of Derby kọkàndínlógún. Ọdún 225 lẹ́yìn Bridget, oyè kan náà, ìdílé kan náà. Ẹṣin yẹn nìkan ni ọkùnrin náà ní tó ń sáré lásìkò yẹn. Nígbà tí Ouija Board ṣíwọ́ eré, wọ́n mú un lọ bá akọ ẹṣin kan, Galileo, ó sì bí akọ kan tí wọ́n sọ ní Australia. Ní 2014, Australia wọ pápá Epsom, ó gba òkè yẹn, ó yí ní Tattenham Corner, ó sì gba Derby.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń sá Oaks, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Derby. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan lẹ rí gbà níbi iṣẹ́, ẹ gba Jímọ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní London Bridge, ẹ sọ̀ sí Tattenham Corner, ibẹ̀ ló parí sí. Ẹ mú agbòòrùn dání, torí òjò Epsom kì í sọ fúnni, ẹ sì gbé oúnjẹ yín lọ́wọ́. Ẹ má dúró níbi tí wọ́n parí sí, èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ dúró sí kọ́nà, kí ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ koríko, kí ẹ sì dákẹ́.